Ọ̀nà Ẹrú Kò Bẹ̀rẹ̀ Létí Òkun

Bí wọ́n bá ti dárúkọ òwò ẹrú, etí òkun lojú gbogbo wa máa ń lọ. Ará Senegal á tọ́ka sí Gorée, erékùṣù kékeré tó kọjú sí Dakar, tí àjọ UNESCO ti kọ mọ́ ogún gbogbo ayé láti ọdún 1978. Ará Benin á tọ́ka sí Ouidah, níbi tí Ẹnu-ọ̀nà Àrèmabọ̀ ti dúró sórí iyanrìn láti ọdún 1995. Ibẹ̀ ni àwọn ààrẹ orílẹ̀-èdè ń lọ ya fọ́tò, ibẹ̀ ni ìran àwọn ẹrú tó ti òkè òkun dé ń lọ sunkún, ibẹ̀ náà sì lowó ń wọlé sí. Èrò tó gbilẹ̀ láàárín àwọn aláṣẹ, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwa ará ìlú pàápàá ni pé èbúté ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, èbúté ló sì yẹ ká tọ́jú. Pé ìlú òkè Benin bíi Bantè àti Savalou kò ní ju ọdún iṣu, gààrí àti kaṣú lọ láti fi han àlejò. Èrò yìí ni mo fẹ́ ta kò. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi Gorée tàbí Ouidah sílẹ̀ kí òkun gbé e lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá tọ́jú èbúté tí a kò tọ́jú ìlú tí wọ́n ti kó èèyàn wá, ìtàn ẹni tó tà àti ẹni tó rà là ń tọ́jú. Ìtàn ẹni tí wọ́n tà wà lókè lọ́hùn-ún, ó ń gbó lọ lójú wa.

Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Ẹrú ní Ouidah. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbàgede tí wọ́n sọ pé wọ́n ti máa ń ná ẹrú, nítòsí ilé oníṣòwò ẹrú Francisco Félix de Souza tí gbogbo ayé mọ̀ sí Chacha. Ó kọjá nídìí Igi Ìgbàgbé, ó gba àdúgbò Zoungbodji, ó sì parí sí ẹnu-ọ̀nà létí òkun. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri á sọ pé ọkùnrin máa ń yí igi náà ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí ilé lè parẹ́ lọ́kàn wọn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí igi. Ibi tí wọ́n ní ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ní ẹjọ́ lé lórí. Ọ̀nà tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjà ti sọ ẹni tó fẹ́ rìn ín di ọjà kó tó gbé ẹsẹ̀. Àlejò tó bá rìn ín dópin á mọ orúkọ ẹni tó tà, á mọ̀ pé ọdún 1721 ni àwọn Potogí kọ́ odi wọn, á mọ̀ pé Agaja ọba Dàhọ̀mì ló gba ìlú náà lọ́dún 1727. Onímọ̀ ìtàn Robin Law ṣírò pé èèyàn tí wọ́n kó gba Ouidah lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ wá ní kí àlejò náà dárúkọ ẹyọ ẹnì kan péré nínú mílíọ̀nù yẹn. Kò ní rí i dá, ẹ̀bi rẹ̀ sì kọ́. Òwò ló dá èbúté sílẹ̀, ìwé ìṣirò òwò ló sì fi jogún fún wa, níbi tí wọ́n ti ka orí ọkùnrin, orí obìnrin, tí wọ́n sì kọ iye owó sí i. Bí a bá fọ odi tí a kùn ún, bí a bá tún ilé ọlọ́jà ṣe, ohun tí ọlọ́jà mọ̀ nìkan la máa bá níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ a mọ orúkọ. Lọ́dún 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda kó èèyàn 110 ní Ouidah lọ sí Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama. William Foster ni ọ̀gá ọkọ̀. Timothy Meaher ni olówó tó rán an. Nígbà tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn náà bọ́ọ́lẹ̀ tán, Foster dáná sun ọkọ̀ ọ̀hún sínú odò kí ọwọ́ òfin má bàa tó wọn, ọdún 2019 ni wọ́n sì tó kéde pé àwọn ti rí àfọ́kù rẹ̀ nítòsí erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Twelve Mile Island. Ọ̀kan nínú àwọn 110 náà ni Kossola, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ní Cudjo Lewis. Ọmọ nǹkan bí ọdún 19 ni nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ká ìlú wọn mọ́lé ní ìdájí. Sylviane Diouf, tó kọ odindi ìwé lórí àwọn èrò Clotilda lọ́dún 2007, fi orúkọ, ọ̀rọ̀ àti àṣà tí wọ́n rántí wé ti àwọn ìlú tó wà lónìí, agbègbè Bantè ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gúnlẹ̀ sí, láàárín àwọn Ìṣà tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá. Nítorí náà, ọ̀kan nínú àwọn ẹrú tí ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ jù lọ nínú gbogbo ìtàn òwò yìí, ará òkè ni. Ìlú rẹ̀ kì í ṣe èbúté, kò sì rí òkun rí títí di ọjọ́ tí wọ́n dè é wá síbẹ̀.

Ẹ sì wo ohun tí ọkùnrin yìí sọ nígbà tí wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Emma Langdon Roche gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1914. Zora Neale Hurston jókòó tì í ní 1927 àti 1928, ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni ìwé rẹ̀, Barracoon, tó jáde. Ilé ni Kossola ń sọ. Ó sọ nípa agbo ilé baba rẹ̀ àti bí ọba ṣe ń dájọ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe rán àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ igbó láti lọ wá ohun kan tó ń bú ramúramù tí ojú kò rí. Kò sí Yorùbá tó máa gbọ́ ọ tí yóò béèrè ohun tó jẹ́, nítorí Orò kì í ṣàjèjì sí wa. Ó rántí ọmọbìnrin kan tó rí lọ́jà tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń dún ṣaworo. Lẹ́yìn náà ló sọ bí wọ́n ṣe bẹ́ orí ọba wọn, bí àwọn ọmọ ogun ṣe gbé orí àwọn tí wọ́n pa dání lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì dúró yan wọ́n lórí èéfín nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò nínú àgọ́ ẹrú ní Ouidah. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ayé ẹni tó lo ọdún 19 nílé, tó sì lo ọdún 75 ní Amẹ́ríkà kó tó kú lọ́dún 1935! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí la wá sọ di odindi ìtàn rẹ̀, tí a kọ́ ẹnu-ọ̀nà lé lórí.

Bí ẹnì kan bá rò pé ọ̀rọ̀ Bantè nìkan ni mo ń fi pọ́n ara wa lé, kó yí ojú sí Savalou, ìlú àwọn Mahi. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Dàhọ̀mì ti ń gbógun ti àwọn Mahi, ogun náà kò sì tán títí wọ inú ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tí wọ́n kó lọ kò lọ lórúkọ òfìfo. Ní Matanzas, ní Kúbà, ẹ̀ka kan wà nínú ìsìn àwọn Arará, ìran àwọn tí wọ́n kó láti agbègbè wa, tí wọ́n ń pè ní Sabalú títí di òní. Ní Bràsíìlì, láàárín àwọn ilé òrìṣà tó ń jẹ́ Jeje, wọ́n ṣì ń ya àwọn Mahi sọ́tọ̀, wọ́n sì ń ya àwọn Savalu sọ́tọ̀. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn tí wọ́n gba èbúté kọjá kò sọ ara wọn lórúkọ èbúté tí wọ́n ti tà wọ́n. Orúkọ ilé ni wọ́n gbé dání, ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ará Matanzas tó ń kọrin fún vodun rẹ̀ lórúkọ Sabalú mọ ohun tí ó yẹ kó fi ṣe ogún ju àwa tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà lọ.

Àtakò àkọ́kọ́ tí màá gbọ́ ni pé kò sí ohun tí a máa tọ́jú lókè. Etíkun ní odi, ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní ìbọn àgbá àti ìwé àwọn òyìnbó. Kí ni Bantè ní? Ìdáhùn mi wà ní Gorée fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, Philip Curtin àti àwọn onímọ̀ ìtàn mìíràn jiyàn gidigidi pé ẹrú tó gba Ilé Ẹrú tó wà níbẹ̀ kọjá kò pọ̀ rárá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àlejò, pé ilé oníṣòwò ni. Ǹjẹ́ àwọn èèyàn ṣíwọ́ àtilọ? Póòpù John Paul Kejì ti dé ibẹ̀ lọ́dún 1992, Bill Clinton dé ibẹ̀ ní 1998, Barack Obama dé ibẹ̀ ní 2013. Àwọn tó ń gbèjà Gorée sọ pé ìtumọ̀ ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe iye orí tó gba ẹnu ilẹ̀kùn. Ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ìtumọ̀ bá tó láti fi tọ́jú ilé oníṣòwò kan ní erékùṣù, a jẹ́ pé àìsí òkúta kò tó láti fi ta ìlú ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú nù. Àti pé, ta ló tiẹ̀ sọ pé òkúta kò sí? Òkè àti àpáta ló fún ẹkùn Collines, níbi tí Bantè àti Savalou wà, lórúkọ, orí àwọn òkè bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn èèyàn máa ń sá gùn nígbà tí ogun bá dé. Odi tiwọn nìyẹn. Odi tí òyìnbó kọ́ ní Ouidah láti kó èèyàn pamọ́ kó tó tà wọ́n ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1967. Òkè tí èèyàn sá sí kí wọ́n má bàa tà á, ewúrẹ́ ló ń jẹko lórí ẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń sọ pé òkè kò ní nǹkan kò rò: ìtọ́jú kì í ṣe kọnkéré nìkan. Lójú ọ̀nà tó ti Savalou lọ sí Bantè, ojúbọ Dankoli wà níbẹ̀. Òkìtì èèkàn ni, tí epo pupa ti rin gbinrin. Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ á kan èèkàn tirẹ̀ mọ́ ọn, á da epo lé e, á fi ẹnu fẹ́ ọtí sódábì sí i, á sọ ohun tó ń fẹ́ jáde; tó bá rí i gbà, á padà wá san ẹ̀jẹ́. Kò sí géètì, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni kò parẹ́. Lílò ló ń tọ́jú ẹ̀, èèkàn tuntun lórí èèkàn àtijọ́. Irú ogún tí òkè ní nìyí: orúkọ àdúgbò, oríkì ìdílé, ọdún iṣu tí wọ́n ń ṣe ní Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ìtàn tó wà lẹ́nu àwọn àgbà. Òkun ń jẹ èbúté díẹ̀díẹ̀, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gbé ilé kan lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sin àgbàlagbà tó mọ ibi tí odi ìlú àtijọ́ gbà. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ohun tó sún mọ́ ìparun jù, òkè ló yẹ ká kọ́kọ́ sá tọ̀.

Àtakò kejì jẹ́ ti owó. Wọ́n á ní orílẹ̀-èdè kékeré ni Benin, pé ó dára ká kó owó jọ síbi tí àlejò ń dé. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ìkọ́lé ńlá fi bẹ̀rẹ̀ ní etíkun Ouidah lábẹ́ ìjọba Patrice Talon, títí kan ọkọ̀ ẹrú àfarawé. Mi ò kẹ́gàn owó àlejò. Àmọ́ ìjọba yìí kan náà ló ṣe òfin ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tó fàyè gba ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti di ọmọ Benin. Òfin náà dára, ó sì yí ìṣirò padà. Arìnrìn-àjò afẹ́ lè wo ẹnu-ọ̀nà létí òkun, kó ya fọ́tò, kó padà sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó di ọmọ onílẹ̀ á béèrè pé: ilé dà? Kò sí ọmọ Yorùbá, kò sí ọmọ Mahi, tí wọ́n á bi ní ilé tí á ní èbúté ni. Ọ̀nà ńlá tó gba Dassa-Zoumè, Savalou àti Bantè lọ sí Djougou ti wà, ọkọ̀ èrò ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí mo ń béèrè kò tó owó hòtẹ́ẹ̀lì kan: pátákó ní àbáwọlé ìlú, àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ Ìṣà àti Mahi tí wọ́n á gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, àdúgbò sí àdúgbò, ìwé kíkà kan fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, àti ọ̀rọ̀ sísọ láàárín mẹ́rì àwọn ìlú wọ̀nyí àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní Africatown, ìlú tí àwọn èrò Clotilda dá sílẹ̀ létí Mobile, ní oṣù keje ọdún 2023. Wọ́n ti to ohun tí wọ́n rí nínú ọkọ̀ Clotilda síbẹ̀. Kí ni wọ́n rí gbà láti Bantè?

Àtakò kẹta ló lágbára jù, a kì í sì í sábà sọ ọ́ síta. Bí a bá tọ́jú ìlú tí wọ́n kó, a gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó kó o. Dàhọ̀mì ni. Orílẹ̀-èdè yìí sì ń fi Dàhọ̀mì yangàn lọ́wọ́lọ́wọ́: Faransé dá ohun ọ̀ṣọ́ ààfin Àgbómẹ̀ 26 padà ní 2021, gbogbo ìlú tú jáde wò wọ́n, ní 2022 wọ́n ṣí ère jagunjagun obìnrin Dàhọ̀mì ní Kútọnu, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 30. Kossola rántí àwọn obìnrin jagunjagun wọ̀nyẹn dáadáa. Àwọn ni wọ́n wọlé tọ àwọn ará ìlú rẹ̀ ní ìdájí. Àwọn kan á wá bẹ̀ wá pé ká má hú egbò tó ti jinná, pé Fọ̀n, Mahi àti Ìṣà jọ ń gbé báyìí, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà kan náà. Mo mọ ẹ̀rù tó ń ba wọn, mi ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé egbò náà ti jinná? Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí wọ́n bá fi ère gíga kan síta tí wọ́n kò sọ ti àwọn tí ogun rẹ̀ jà, àwọn tó dákẹ́ kò gbàgbé. Wọ́n kàn ń wò ni.

Àpẹẹrẹ tó yẹ ká tẹ̀ lé wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kó lọ gan-an. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, àwọn èrò Clotilda fẹ́ padà sílé, owó kò sí. Wọ́n bá ra ilẹ̀, àní lọ́wọ́ ìdílé Meaher tó kó wọn wá, wọ́n sì dá ìlú tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan olórí, Gumpa ni wọ́n mú, ọmọ Fọ̀n láti Dàhọ̀mì, tí wọ́n ní ó jẹ́ ìbátan ọba ibẹ̀. Àwọn tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ ìlú wọn ló fi ọmọ Dàhọ̀mì jẹ olórí! Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n ti gbàgbé. Láàárín wọn ni Kossola ti sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, láti orí ọba tí wọ́n bẹ́ dé orí èéfín. Wọ́n rántí gbogbo rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ síta, wọ́n sì tún jọ gbé. Bí àwọn tí ojú wọn rí i bá lè ṣe èyí, kí ló ń bà wá lẹ́rù, àwa tó jẹ́ pé ìtàn la gbọ́? Ìlú tó bá ń béèrè ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kí àlàáfíà lè wà ti fi Igi Ìgbàgbé sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé.

Nínú ìwé tí Roche tẹ̀ jáde lọ́dún 1914, àwòrán ilẹ̀ kan wà tí Kossola fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ó ti lo ohun tó lé ní ọdún 50 nílẹ̀ àjèjì nígbà náà. Àwọn nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, àlàyé sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ Dàhọ̀mì, ìlà wíwọ́ tó fi ọ̀nà tí ọmọ ogun yọ́ gbà nínú igbó hàn, ọ̀nà tí wọ́n fi kó wọn lọ, àwọn ìlú tí wọ́n là kọjá títí kan Ouidah, odò kan. Òkun àti etíkun ni nọ́ńbà 10, ìparí rẹ̀. Nọ́ńbà 1 ni ìlú rẹ̀. Láti 1978 ni ayé ti ń ka àwòrán yìí láti ẹ̀yìn, tí owó, òfin àti òkúta ìrántí dúró sí nọ́ńbà 10, tí wọ́n sì ní ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ti kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kà á. Kí Ọ̀nà Ẹrú bẹ̀rẹ̀ ní Bantè, kó gba Savalou, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ouidah, kí pátákó àkọ́kọ́ sì wà níbi tí Kossola kọ ení sí.